Òòlù Lẹ́sẹ̀ Òkè Santa Rufina

Níbi tí à ń gbé ní Bòlífíà, afẹ́fẹ́ kò tó mí.
Àlejò tó bá gòkè dé ọ̀dọ̀ wa á gbá àyà mú,
á ní ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí òun kọ́kọ́ jókòó.
Àwa tí a bí síbẹ̀ ti mọ bí a ṣe ń ṣún èémí lò
bí ẹni ń ṣún iyọ̀ tó kù nínú ìkòkò.

Eusebia Colque ni mí, opó Florencio,
ọmọ awakùsà, ìyá awakùsà bí n kò bá ṣọ́ra.
Tánńganran ni wọ́n ń wá nínú òkè.
Àwọn ọkùnrin ń wọlé lọ pẹ̀lú iná níwájú orí.
Àwa obìnrin, ẹnu ihò là ń jókòó sí,
à ń fi òòlù fọ́ èyí tí wọ́n dànù,
bóyá inú òkúta kan á dán.

Eruku ló pa Florencio.
Kò pa á lọ́jọ́ kan. Ó ń bù ú jẹ díẹ̀díẹ̀,
títí kò fi lè fẹ́ iná àbẹ́là pa mọ́.
Lóru, èémí rẹ̀ ń dún bí àpò tí wọ́n ń wọ́ lórí yanrìn,
títí di òru ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan (ẹ wo orúkọ ọjọ́!)
tí n kò gbọ́ ọ mọ́.
Mo ní, "Ìwọ Ẹlẹ́mìí,
èwo lo fẹ́ fi tọkọ mi ṣe nínú gbogbo èyí tí o ní?"
Kò dá mi lóhùn. Èmi náà kò tọrọ àforíjì.

Lóṣù Kejì, agbára ni mo ń tọrọ. Àgbàrá ló dé.
Bí ohùn bá yẹ̀ díẹ̀, ẹ̀bẹ̀ á di ìyà.
Ó gbé òkìtì òkúta mi, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta,
ó gbé ẹsẹ̀ kan nínú bàtà Wilber,
ó fi ìkejì sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni ń fini ṣẹ̀fẹ̀.
Wilber, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, kò sunkún.
Ó ní, "Ìyá, akoto Bàbá ti bá mi mu."

Ilẹ̀ mọ́, mo na ọwọ́ sí òòlù. N kò lè gbé e.
Òòlù tí mo ti ń gbé láti ọdún mẹ́jọ!
Mo kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀.
Gbogbo àdúrà tí àlùfáà kọ́ wa fò lọ.
Mo kàn mí sínú, mo mí síta.
Mo ní, "Ó dáa. Tèmi tán. Ó kù sọ́wọ́ rẹ."

Ẹ má retí áńgẹ́lì.
Hilaria arúgbó ló wá, tí eyín rẹ̀ kù mẹ́ta.
Ó jókòó tì mí, kò bá mi kẹ́dùn,
ó tú ànàmọ́ gbígbẹ nínú ìborùn, ó dá a sí méjì,
ó ní, "Jẹun. Òkúta ò ní fọ́ ara rẹ̀."
Mo jẹ. Mo na ọwọ́ sí òòlù. Ó ṣe é gbé.
N kò mọ ẹni tó bá mi gbé e, àmọ́ kì í ṣe èmi:
mo ti tú àpò ara mi wò láàárọ̀,
mo mọ ohun tó kù níbẹ̀.
Kí oòrùn tó kàn wá lórí, mo ti fọ́ mọ́kànlá.
Ìkejìlá dán díẹ̀.

Owó rẹ̀ kò ra bàtà,
àfi tí wọ́n bá ń tà á lẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan.
Mo bu iyẹ̀pẹ̀ sínú akoto Florencio,
mo gbin àlùbọ́sà sí i,
kí orí ọmọ mi má baà ráyè níbẹ̀.

Èmi àti Ọlọ́run kò tíì parí ìjà wa.
Ṣùgbọ́n láràárọ̀, kí n tó fọwọ́ kan òòlù,
mo máa ń dúró díẹ̀,
kí Ó kọ́kọ́ dì í mú.